Bí Táyà Àlòkù Ṣe Wọ Inú Kọnkéré

Ọjọ́ 17 ni wọ́n fi ń pa iná kan ní Hagersville, ní ìpínlẹ̀ Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, nínú oṣù Kejì ọdún 1990. Táyà àlòkù tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló ń jó. Èéfín dúdú bo gbogbo agbègbè, epo tó ń ro lára táyà ń wọ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ará àdúgbò sì sá kúrò nílé. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nítòsí Winchester, ní Virginia nílẹ̀ Amẹ́ríkà: iná tó ràn níbẹ̀ lọ́dún 1983 jó fún bí oṣù mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí táyà àlòkù ti ń kóra jọ. Lọ́dún 1839, Charles Goodyear rí i pé béèyàn bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tó sì fi iná sí i, oòrùn kò ní lè yọ́ ọ mọ́, òtútù kò sì ní mú un gan. Àrà tó jẹ́ kí rọ́bà wúlò fún táyà náà ni kò jẹ́ kó ṣeé yọ́ tún dà bíi ike. Kì í jẹrà. Tí wọ́n bá rì í mọ́ ààtàn, ó lè rú padà wá sókè. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níta, omi òjò á dúró sínú ẹ̀, ẹ̀fọn á sì yé sí i.

Àwọn oníṣẹ́ títì ló kọ́kọ́ rí nǹkan fi táyà àlòkù ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1965, Charles McDonald, ẹnjinníà ìlú Phoenix ní Arizona, ń po rọ́bà lílọ̀ mọ́ ọ̀dà gbígbóná láti fi tún títì tó sán ṣe. Ọ̀dà àti rọ́bà gbọ́ra wọn yé. Sìmẹ́ńtì ni kò gbà.

Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Neil Eldin àti Ahmed Senouci, gbé àbájáde ìdánwò wọn jáde. Wọ́n yọ òkúta inú kọnkéré, wọ́n fi ègé táyà rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo òkúta náà tán, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí kọnkéré fi ń gbé ẹrù ló bá a lọ. Birikilà wo ló máa gba irú ẹ̀?

Ohun tí wọ́n rí lẹ́nu ẹ̀rọ ìdánwò ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú. Wọ́n máa ń gbé kọnkéré tó ti gan sáàárín irin méjì, irin á wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kọnkéré tí a mọ̀ á dákẹ́ títí, àfi gbàù! ègé ti fọ́n ká. Èyí tó ní táyà nínú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sán, ó tẹ̀, ó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ó di ara rẹ̀ mú. Ìbéèrè wá yí padà látìgbà náà: ibo ni nǹkan tó ń tẹ̀ láìfọ́ káàkiri ti wúlò? Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́, tàbí ògiri ẹ̀gbẹ́ títì tí ọkọ̀ lè lọ kọ lù? Èmi ò rò pé ẹnì kan á tún dá a lábàá pé kí wọ́n fi ṣe òpó ilé alájà mẹ́wàá.

Rọ́bà kò fẹ́ràn omi, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, afẹ́fẹ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn; tí wọ́n bá sì gbọn kọnkéré jù, rọ́bà tó fúyẹ́ á léfòó. Ní Campinas, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, olùwádìí méjì, N. Segre àti I. Joekes, rẹ rọ́bà lílọ̀ sínú omi kọ́sítíìkì, irú èyí táwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, wọ́n sì fi omi ṣàn án. Ìwádìí wọn, tó jáde lọ́dún 2000, fi hàn pé sìmẹ́ńtì dì í mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dán ọgbọ́n yìí wò látìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn.

Táyà sì kọjá rọ́bà nìkan. Irin àti òwú wà nínú rẹ̀. Ní Yunifásítì British Columbia, ní Kánádà, òwú yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nemy Banthia àti Obinna Onuaguluchi gbájú mọ́. Ìdá 0.35 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n pò mọ́ kọnkéré, ṣùgbọ́n sísán rẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nínú ìdánwò wọn. Lọ́dún 2017, wọ́n fi tún àtẹ̀gùn iwájú ilé McMillan ṣe nínú ọgbà yunifásítì náà. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí Yunifásítì RMIT tún gbé ohun tó ṣòro fún Eldin àti Senouci lọ́dún 2022: wọ́n yọ gbogbo òkúta, wọ́n fi táyà sí i, àmọ́ wọ́n ń tẹ kọnkéré náà pọ̀ mọ́ra nínú àpótí nígbà tó ṣì tutù, agbára rẹ̀ sì gbé pẹ́ẹ́lí.

Iṣẹ́ ti ń lọ ní Ìbàdàn náà. Ifedolapo Runsewe bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ Freetown Waste Management Recycle lọ́dún 2020 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti di 128, táyà tí wọ́n ti lọ̀ sì ti lé ní 100,000. Kì í ṣe kọnkéré ni wọ́n ń ṣe. Bíríkì ìtẹ́lẹ̀, táìlì àti bọ́ǹpù ojú títì ni. Ṣùgbọ́n lílọ̀ yìí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí irin inú táyà gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó bá ti ní rọ́bà lílọ̀ nílẹ̀ kò jìnnà sí àpò sìmẹ́ńtì mọ́. Náírà 70 sí 100 ni wọ́n ń ra táyà kan nígbà náà, àwọn nìkan kọ́ sì ni wọ́n ń wá a: àwọn tó ń fi táyà sun awọ màlúù fún pọ̀nmọ́ náà wà lójà.