Kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì ṣe é: ìyàwó tó bímọ tán tí kò lè rẹ́rìn-ín

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Jọ̀lọ́ọ̀fù pọ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ ìyá ọkọ ra àǹkárá. Ìyá ọmọ nìkan ni kò jókòó ti àwọn èèyàn. Inú yàrá ló wà tó kọjú sí ògiri, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọmú rẹ̀ kún, ọmọ sì ń ké lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni." Nígbà tó di oṣù kẹta tí kò tíì padà sídìí ata tó ń tà, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣe é láti ilé bàbá rẹ̀ ni.

Ìyálọ́jà wo ni kò mọ irú ìyàwó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa, àìsàn ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó sì yàtọ̀ sí abísínwín tí gbogbo ayé mọ̀. Abísínwín a máa sọ ìsọkúsọ, a máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kíá lèèyàn á ti mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í pariwo. Oúnjẹ kì í wù ú, oorun kì í wá kódà bí ọmọ bá sùn, ara ń ro ó, ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ìyá burúkú lòun. Ẹkún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń sun ún. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má fojú kéré rẹ̀ mọ́.

Arò ló ń ba èèyàn lẹ́rù. Wọ́n á ní ilé wèrè ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ àwọn lọ, ta ni yóò tún wá fẹ́ àbúrò rẹ̀? Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní Arò ní 1954, àwọn abúlé tó wà nítòsí ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, tìyá tàbí tẹ̀gbọ́n wọn, kí ìyẹn máa dáná fún wọn, kó sì máa mú wọn lọ gbàtọ́jú.

Ṣé ẹ wá rí i, Arò kọ́ ni gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ lọ. Ìrẹ̀wẹ̀sì yìí a máa bẹ̀rẹ̀ látinú oyún. Ní agbègbè Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lo àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kéékèèké 29 láti tọ́jú irú àwọn aboyún bẹ́ẹ̀. 686 ni wọ́n. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019: nígbà tí ọmọ fi máa pé oṣù mẹ́fà, ó lé ní mẹ́fà nínú obìnrin mẹ́wàá tí ara rẹ̀ ti yá.

Kí ni wọ́n ṣe fún wọn? Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Èwo ló ń dùn yín jù?" Obìnrin á ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀: owó ọjà tó ti jẹ tán, ọkọ tí kì í wálé, ìyá ọkọ tó ń bú u. Wọ́n á mú ẹyọ kan tí ọwọ́ lè tó, wọ́n á jọ wá ọ̀nà sí i, á lọ dán an wò, á tún padà wá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni o. Ẹni tó ti ń dá a rò láti oṣù mẹ́ta ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Èyí tó bá le, dókítà á fún un ní oògùn. Kò dà bí oògùn ẹ̀fọ́rí, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jẹ́, kí ó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀ bí ara bá ti ń yá. Kí ó sọ pé òun ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Ṣùgbọ́n pàṣán àti ààwẹ̀ ọjọ́ méje fún abiyamọ tí kò jẹun láti àná, ìwà ìkà ni.

Bó bá ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, tàbí pé òun á ṣe ọmọ léṣe, tàbí pé òun ń gbọ́ ohùn, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Arò, Yábàá l'Ékòó tàbí UCH n'Íbàdàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Àwọn yòókù lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kí ìyá ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ tẹ̀lé e, kí ó bá a gbé ọmọ dání, kí ó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ti sùn, ìyá rẹ̀ ni kò rí oorun sùn."