Elston Howard: Arọ́pò tí ó di Olùkọ́

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ẹnì kan wà tí í lóṣòó sẹ́yìn ẹni tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Òun ní í hán èyí tí ó bá kọjá; òun nìkan ní í kọjú sí gbogbo pápá, òun ní í sì fi ìka júwe irú bọ́ọ̀lù tí a ó jù. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Iṣẹ́ yìí ni Elston Howard ṣe.

Ìlú St. Louis ni a bí i sí ní 1929, ọmọ aláwọ̀ dúdú. Nígbà náà, ẹgbẹ́ dúdú wà lọ́tọ̀, ti funfun wà lọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ Kansas City Monarchs, ẹgbẹ́ àwọn dúdú, ni ó ti kọ́ṣẹ́. Jackie Robinson wó ògiri ìyàsọ́tọ̀ náà ní 1947, ṣùgbọ́n ó di 1955 kí dúdú kan tó gbá bọ́ọ̀lù fún New York Yankees. Howard ni ẹni náà.

Ó bá Yogi Berra, ògbóǹtarìgì, lórí ipò. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Howard di arọ́pò. Lónìí, a ó fi í sí ìhà òsì pápá. Lọ́la, a ó ní kí ó dípò Berra. Ó tó ọdún márùn-ún kí ipò náà tó di tirẹ̀. Ní 1963, a yàn án ní eléré tí ó peregedé jù lọ ní American League. Dúdú kankan kò gba oyè yìí rí ní líìgì náà.

Ó fi eré sílẹ̀ ní 1968. Ní 1969, Yankees pè é padà, ó sì di olùkọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní líìgì náà. Ojú rẹ̀ ni Thurman Munson, ahánbọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, ṣe gba oyè kan náà ní 1976. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí Yankees gba World Series ní 1977 àti 1978.

Síbẹ̀, bí Yankees ti ń pààrọ̀ máníjà léraléra tó, a kò fi Howard jẹ ẹ́ rí, bí Cleveland tilẹ̀ ti fi Frank Robinson, aláwọ̀ dúdú, jẹ máníjà ní 1975. Howard kú ní 1980, ní ẹni ọdún 51. Ní 1984, Yankees fi nọ́ńbà 32 rẹ̀ pamọ́, kí ẹlòmíràn má bàa wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ tán. Sùúrù dára, ṣùgbọ́n sùúrù ẹni tí a ń rẹ́ jẹ kò sọ ìrẹ́jẹ di òdodo. Ẹni tí a gbà pé ọgbọ́n rẹ̀ tó láti kọ́ni, kí ló dé tí kò fi tó láti ṣe olórí? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan.