Owó eléré bàskẹ́ẹ̀tì: kí ni wọ́n ń san gan-an?

Ní sáà ọdún 2016 sí 2017, àwọn ọkùnrin méjì kan wà nínú NBA, ìdíje bàskẹ́ẹ̀tì ńlá ti Amẹ́ríkà, tí ó yẹ kí a gbé owó wọn àti iṣẹ́ wọn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Èkíní ni Isaiah Thomas ti ẹgbẹ́ Boston. Nǹkan bí mítà 1,75 ni gíga rẹ̀ láàárín àwọn òmìrán. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa ọ̀dọ́ eléré ní 2011, òun ni wọ́n mú kẹ́yìn, ẹni 60 nínú 60. Ní sáà tí à ń wí yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àmì 29 nínú eré kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ owó rẹ̀ fún odidi ọdún náà kò pé mílíọ̀nù 7 dọ́là. Èkejì ni Joakim Noah, ọmọ Yannick Noah tí ó gba ife Roland-Garros ní 1983. Ẹgbẹ́ New York san mílíọ̀nù 17 dọ́là fún un. Eré 46 ni ó kópa nínú rẹ̀, àmì 5 ni ó sì ń gbà nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Kí a má tíì dájọ́. Iṣẹ́ Noah kì í ṣe gbígba àmì. Dídènà ni, òun sì ni wọ́n yàn ní olùdènà tó dára jù lọ nínú NBA ní 2014. Ṣùgbọ́n ọdún méjì lẹ́yìn náà ni New York tó bá a tọwọ́ bọ̀wé, mílíọ̀nù 72 fún ọdún 4, lẹ́yìn sáà tí èjìká tó ṣèṣe kò jẹ́ kí ó kọjá eré 29. Iṣẹ́ ọdún tó ti lọ ni wọ́n rà.

Tẹlifísọ̀n ló sì mú owó náà wá. Àdéhùn tuntun tí NBA bá àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifísọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ni ààlà tí wọ́n fi sí owó eléré nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá fò láti mílíọ̀nù 70 sí 94. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá parí lọ́dún náà bá ọjà pàdé. Ọdún 2014 ni Thomas ti tọwọ́ bọ tirẹ̀, fún ọdún 4. (Àgbẹ̀ tó ti gba owó àgbàdo rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lóko yóò lóye.) Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi tiwọn kọ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn ìràwọ̀ sáà náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ni ó gbà, nítorí òfin ti dá owó ọdún 4 àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un ṣe ẹni 15.

Nítorí náà, lójú tèmi, ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé ni owó ń wọ̀n, kì í ṣe eré.

Ìbàdí ti ń dun Thomas láti Oṣù Kẹta 2017, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ní ọjọ́ kejì Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbí àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní oṣù tó ṣáájú, ó gba àmì 53. Kí oṣù náà tó parí, ìbàdí náà dá a dúró. Boston fi í ṣe pàṣípààrọ̀ nínú Oṣù Kẹjọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀ parí ní 2018, ẹgbẹ́ Denver fún un ní nǹkan bí mílíọ̀nù 2, fún ọdún kan péré. Ní ọdún yẹn kan náà ni New York tú Noah sílẹ̀; wọ́n pín ìyókù owó rẹ̀ sí ọdún púpọ̀, wọ́n sì ń san án títí di sáà 2021 sí 2022.