Bàbá Ìkókó Náà Ń Fẹ́ Ìtọ́jú

Bí obìnrin bá bímọ, gbogbo ilé á máa yọ̀. Ará ilé á gbé omi kaná, wọ́n á se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá ọmọ. Àlejò á wọlé, á béèrè pé: "Ìyá ọmọ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní máa ń béèrè pé: "Bàbá ọmọ ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí á fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ní abúlé kan lẹ́bàá Atakpamé. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, ó jó, ó náwó, ó tilẹ̀ jẹ gbèsè díẹ̀. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́ta, oko kò wù ú lọ mọ́. Koríko bo òwú rẹ̀. Kì í rí oorun sùn lóru, bí ọmọ kò tilẹ̀ sunkún. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó ti bínú. Bí wọ́n bá ní kó gbé ọmọ, á ní ọwọ́ òun dí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta sódàbì.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Kí ló ń ṣe é gan-an?

Àìsàn ni. Orúkọ rẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

Kì í ṣe àìsàn obìnrin nìkan

Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti mọ̀ pé ìbímọ lè da ọkàn ìyá rú. Èyí tó le jù ni wọ́n ń pè ní àbísínwín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọkàn bàbá náà lè rẹ̀wẹ̀sì. Tirẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wúwo bí ẹrù, kò sì rí ẹni bá a sọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Paulson àti Bazemore, kó ìwádìí 43 jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú bàbá 10, àìsàn yìí ń mú bí ẹnì kan, láti ìgbà oyún títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Ìgbà tó pọ̀ jù ni ìgbà tí ọmọ wà láàárín oṣù 3 sí oṣù 6. Nígbà náà, àlejò ti lọ tán, gbèsè ló kù nílẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Àìsùn ń fà á. Àìrówó ń fà á. Ìjà láàárín tọkọtaya ń fà á. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ó lè tún ṣe é. Bí ọkàn ìyàwó bá sì rẹ̀wẹ̀sì, ó rọrùn kí ti ọkọ náà rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tọ́jú ọ̀kan, ẹ yẹ èkejì wò.

Ọmọ náà ń jìyà rẹ̀

Ní ọdún 2005, àwọn dókítà ní England gbé ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ti wo àwọn bàbá nígbà tí ọmọ wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta àbọ̀, wọ́n wo àwọn náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì sábà ní ìṣòro ìwà àti ti ọkàn ju àwọn yòókù lọ, pàápàá àwọn ọmọkùnrin. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá tọ́jú bàbá, ọmọ ló tọ́jú.

Kí ni kí á ṣe?

1. Ìwọ bàbá, má dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ fún ìyàwó rẹ, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, tàbí ọ̀rẹ́ tó lè pa àṣírí mọ́.

2. Fi sódàbì sílẹ̀. Ó ń mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì sí i, ó sì ń ba oorun jẹ́.

3. Máa gbé ọmọ rẹ. Wẹ̀ ẹ́, bá a ṣeré. Díẹ̀díẹ̀ ni ìfẹ́ á máa dàgbà.

4. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ gba ọmọ lóru kan kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè sùn. Ẹ bá a ro ebè díẹ̀.

5. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì lè júwe ibi tó yẹ fún un. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Atakpamé. Ti ìjọba fún àìsàn ọkàn àti ọpọlọ wà ní Zébé, ní Aného.

6. Bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi ṣeré. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gbé oògùn tí ẹ fi ń pa kòkòrò òwú jìnnà sí i, kí ẹ sì mú un lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ń san

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú pẹ̀lú ará ilé kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, wọ́n sì ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó. Èèyàn laṣọ èèyàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ kí ìyá ọmọ lọ́la, ẹ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bàbá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ béèrè pé: "Ìwọ náà ńkọ́?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.

Ìbéèrè

1. Kí ni àwọn ará abúlé ń sọ nípa àgbẹ̀ náà? Ǹjẹ́ òtítọ́ ni?
2. Ìgbà wo ni àìsàn yìí ń pọ̀ jù?
3. Ta ni ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí pé, "Ìwọ náà ńkọ́?"