Ẹ má ta ìkòkò irin ìyá yín fún àwọn tó ń ra irin àlòkù!

Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìkòkò irin dúdú tí ìyá àgbà fi ń se ọbẹ̀ ti di àpatì lẹ́yìnkùlé. Òjò ń pa á, ìpẹtà sì ti bò ó. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tó fúyẹ́, tó ń dán, ni ayé ń fẹ́. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó gba owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri, ẹ gbọ́ èyí ná.

Ní ọdún 1999, ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Etiópíà. Wọ́n fún àwọn ìdílé kan ní ìkòkò irin, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ti alumíníọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn oṣù 12, àìtó ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ń jẹun inú ìkòkò irin tó ti àwọn yòókù. Ìdí ni pé irin díẹ̀díẹ̀ ń ti ara ìkòkò wọ inú oúnjẹ, irin sì wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀.

Èyí kò sọ ìkòkò di oògùn o. Ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, bí àwọn kan tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè, nítorí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ fi kànìnkànìn onírin ha ìpẹtà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná kí ó gbẹ. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á tinú-tẹ̀yìn, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ó gbóná títí yóò fi rú èéfín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òróró náà yóò gan mọ́ irin, oúnjẹ kò sì ní í tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì sun inú rẹ̀ mọ́jú, yóò bó òróró náà. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ má da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná, nítorí ńṣe ni wọ́n yọ́ irin rẹ̀ dà, wọn kò rọ ọ́ bí ọkọ́; ó lè sán. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ yá a níná kó gbẹ, kí ẹ tún fi òróró pa á.

Ìkòkò tí a bá ń tọ́jú báyìí, ọmọ-ọmọ wa yóò bá a nílé.