Ìtànṣán Tí Ń Tún Ojú Ṣe

Awọ kan wà níwájú ẹyinjú tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì. Bí ó bá yọ síwájú jù, ohun tí ó wà ní òkèèrè yóò máa ṣe bàìbàì. Awọ yìí gan-an ni àwọn dókítà ń fi ìtànṣán lésà fá lónìí, kí olúwarẹ̀ lè bọ́ awò ojú sílẹ̀.

Tòlótòló ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, Rangaswamy Srinivasan ti iléeṣẹ́ IBM ní New York mú tòlótòló tí wọ́n jẹ kù ní ọdún Ìdúpẹ́ wá síbi iṣẹ́, ó sì tan ìtànṣán náà sí i. Ó gé e mọ́ tónítóní, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kò sì jóná. Ní ọdún 1983, òun àti dókítà ojú kan, Stephen Trokel, fi hàn pé ó ṣe é lò fún ẹyinjú. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 1995.

Iṣẹ́ náà kì í pẹ́. Dókítà yóò kán oògùn sí ojú kí ó má bàa dun ẹni náà, yóò ṣí òkè awọ náà bí ìdérí, ìtànṣán yóò fá abẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, a ó sì dá a padà láìfi abẹ́rẹ́ rán an.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo àrùn ojú ni èyí ń wò. Funfun tí í bo ojú àgbà wà nínú lọ́hùn-ún; iṣẹ́ abẹ mìíràn ni tirẹ̀. Ìríran tí glaucoma bá sì ti mú lọ, kò sí lésà tí ó lè dá a padà. Ẹni tí awọ ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù kò yẹ fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí nọ́ńbà awò rẹ̀ ṣì ń yí padà. Nítorí náà, wíwọn ojú ni dókítà ń kọ́kọ́ ṣe, ẹlòmíràn a sì padà sílé pẹ̀lú awò rẹ̀.