VPN: Ọwọ́ Ta Ni Ẹ Fi Fóònù Yín Lé?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ẹni tó wà ní Ibo Road ní Sabon Gari, Kano, kò rí i ṣí mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ti ojú ọ̀nà pa títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Láàárín oṣù méje yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sá di VPN, wọ́n sì gbé èyíkéyìí tó bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀fẹ́ sórí fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó yé. Ó ń sọ ohun tó ń jáde lórí fóònù di àdììtú, ó sì ń gbé e gba inú kọ̀ǹpútà kan ní ìlú mìíràn kó tó dé ibi tó ń lọ. MTN tàbí Airtel kò ní mọ ojú-ewé tí ẹ ṣí. Ìdí nìyẹn tí ìdènà kò fi mú un. Àmọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà yẹn lè rí ohun tí MTN kò rí mọ́. VPN kò mú ojú kúrò lára yín. Ẹni tó ń wò yín ló pààrọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ CSIRO ní Ọsirélíà àti àwọn akẹgbẹ́ wọn yẹ áàpù VPN 283 ti Android wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, 18 kò sọ nǹkan kan di àdììtú, àmì kòkòrò burúkú sì wà lára 38. Facebook náà ra ilé-iṣẹ́ Onavo ní ọdún 2013, ó sì ń fi VPN rẹ̀ wo àwọn áàpù tí èèyàn ń lò, Apple sì ní kó kó o kúrò nínú App Store ní 2018.

Ẹnìkan lè ní owó dátà gan-an ti wọ́n jù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti owó VPN. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀fẹ́ ló burú: owó àwọn oníbàárà tó ń sanwó ni Proton VPN fi ń gbé ti ọ̀fẹ́ rẹ̀ ró. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé, níbo ni ẹni tó ni áàpù ti ń rí owó? Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù òfin, nítorí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba halẹ̀ nígbà ìfòfindè Twitter pé òun yóò gbé ẹni tó bá ń lo Twitter lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bófin mu.

Nítorí náà, inú Play Store tàbí App Store ni kí ẹ ti mú VPN, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bó bá ń tọrọ àyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, ẹ yọ ọ́ dànù. Kò nílò wọn. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá VPN, kí ẹ tan “Always-on VPN” àti “Block connections without VPN”, kí nǹkan kan má baà jò síta bí VPN bá já. Bí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ lè pa VPN àti ètò méjèèjì yẹn: áàpù báǹkì ti ní àdììtú tirẹ̀, báǹkì sì lè fura sí ẹni tó dédé wọlé láti òkè òkun. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ PIN fún oníjìbìtì, VPN kò lè gbà yín. Áàpù tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ín, ẹ fi sílẹ̀.